Bí ẹ ṣe máa ya àwọn òkè inú Bíbélì sẹ́yìn kàlẹ́ńdà kan, tí ìtàn ibẹ̀ á fi máa yé yín

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tèmi ná. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn mo ń kọ́ kíláàsì àwọn àgbà ní Sọ́ńdè Sukúù, a dé orí ìtàn Nabali ọkọ Abigaili, ọkùnrin tó ní 3,000 àgùntàn àti 1,000 ewúrẹ́ tó sì tún ya ahun, mo wá là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé Karmeli tí Nabali ti ń rẹ́ irun àgùntàn ẹ̀ yẹn, ibẹ̀ náà ni Elija ti pe iná wá látọ̀run. Mo tún fi ohùn ìwàásù sí i. Bàbá kan wà tó máa ń jókòó sẹ́yìn, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, òun ló nawọ́ sókè. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú o, Dafidi tó ń sá fún Saulu kiri aginjù Juda, ṣé òun náà ló wá rán ọmọkùnrin mẹ́wàá lọ tọrọ oúnjẹ létí òkun lókè lọ́hùn-ún?" Ẹnu mi wọhò.

Nígbà tí mo délé mo tú Joṣua 15 wò, ní ẹsẹ 55 mo bá Karmeli kan níbẹ̀ tí wọ́n tò mọ́ Maoni àti Sifi, ìlú ni, gúúsù Hebroni ló wà, inú ilẹ̀ Juda níbi tí Dafidi ń sá pamọ́ sí gan-an. Karmeli ti Elija wà lápá àríwá létí Òkun Ńlá, ìrìn ọjọ́ mélòó kan ló sì wà láàrin àwọn méjèèjì. Ojú tì mí gan-an ni. Àtìgbà yẹn mi ò kì í kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìtàn tó ní òkè nínú láì kọ́kọ́ mọ ibi tí òkè náà wà, bó ṣe ga tó, àti ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ sọ fún yín yìí, kò náni lówó, ọ̀sán Sátidé kan ti tó.

Ohun tẹ́ ẹ máa wá sílẹ̀

Kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan, èyí tó fẹ̀ tí wọ́n máa ń pín níbi ìnáwó, mo mọ̀ pé ọ̀kan ò ní ṣàì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yín, ẹ̀yìn ẹ̀ funfun, ó sì tóbi dáadáa. Pẹ́ńsù àti rọ́bà tí wọ́n fi ń pa nǹkan rẹ́, ẹ má fi bírò bẹ̀rẹ̀ o, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ tá a bá dé ọ̀hún. Bírò búlúù kan, pupa kan. Bíbélì yín. Fóònù tó ní dátà díẹ̀ nítorí Google Maps. Tí dátà bá tán, máàpù tó wà lẹ́yìn àwọn Bíbélì kan náà ṣe é lò, àmọ́ ó ṣòro kẹ́ ẹ tó rí i kó sọ gíga òkè fún yín, bẹ́ẹ̀ gíga yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà

Ọ̀pọ̀ èèyàn á fẹ́ ti orí òkè bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe é. Omi ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ máa gbé òkè sí. Ẹ gbé kàlẹ́ńdà náà lóòró, ẹ fa ìlà kan lápá òsì láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó dagun díẹ̀, kí ìsàlẹ̀ ẹ̀ máa wọ́ lọ sápá òsì. Òkun Ńlá nìyẹn, tá à ń pè ní Mẹditaréníà lónìí. Bẹ́ ẹ ṣe ń fà á bọ̀ látòkè, tẹ́ ẹ bá rìn díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìlà náà yọ imú ṣónṣó kan sínú òkun kó tó máa lọ. Imú yẹn ni Karmeli ti Elija. Ẹ má tíì kọ nǹkan kan síbẹ̀.

Lápá ọ̀tún, ẹ ya omi méjì, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀, bí ìlẹ̀kẹ̀ méjì tí wọ́n sín sórí okùn kan. Èyí tó kéré lókè ni Òkun Galili, èyí tó gùn gbọọrọ nísàlẹ̀ ni Òkun Iyọ̀ tí ẹja kì í gbé inú ẹ̀. Okùn tó so wọ́n pọ̀ ni odò Jọrdani. Ẹ wá fi bírò pupa kọ nọ́ńbà sí wọn lára: Galili rẹlẹ̀ sí ojú òkun ní bíi 210 mítà, Òkun Iyọ̀ rẹlẹ̀ sí i ní bíi 430 mítà. Kò sí ilẹ̀ gbígbẹ kankan láyé yìí tó rẹlẹ̀ tó etí Òkun Iyọ̀ yẹn. Torí náà ẹ máa rántí pé kòtò ńlá kan ló wà lápá ọ̀tún máàpù yín, gbogbo ẹni tó bá ti ibẹ̀ wá, gígùn ló máa gùn.

Òkè kan lọ́tọ̀, ilẹ̀ òkè lọ́tọ̀

Ó wá ku egungun ẹ̀yìn. Láàrin Òkun Ńlá àti Jọrdani, ẹ fi pẹ́ńsù ya àwọn òkè kéékèèké tó tò tẹ̀lé ara wọn láti apá Galili títí dé ìsàlẹ̀ Hebroni, kí wọ́n sún mọ́ Jọrdani ju òkun lọ. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ níbì kan ṣoṣo, ní ìsàlẹ̀ Galili, kí àlàfo náà la egungun yẹn já láti apá òkun dé apá Jọrdani. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ Jesreeli nìyẹn. A máa padà síbẹ̀, torí ibẹ̀ ni wàhálà pọ̀ sí jù.

Ibí yìí ni èdè wa ti dáa fún wa ju ti àwọn mìíràn lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà tí àwọn Hébérù ń lò fún òkè kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò fún gbogbo agbègbè tó bá jẹ́ kìkì òkè, bẹ́ẹ̀ náà làwa ṣe ń sọ ọ́. Tẹ́nì kan bá ní Òkè Ògùn lòun ti wá, kò sẹ́ni tó máa rò pé orí òkúta kan ló ń sùn, Ṣakí wà níbẹ̀, Ìsẹ́yìn wà níbẹ̀, Kíṣí wà níbẹ̀. Òkè Efraimu náà nìyẹn. Òkè Juda náà nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá kà á pé ẹnì kan ń gbé ní òkè Efraimu, ẹ má wá òkè kan tó ń jẹ́ Efraimu lórí Google, ẹ ò ní rí i, agbègbè ni, tó ní ìlú àti abúlé àti oko àjàrà nínú. Seiri níbi tí Esau lọ tẹ̀dó sí, agbègbè lòun náà. Gileadi náà bẹ́ẹ̀. Àwọn òkè Ararati tí ọkọ̀ Noa gúnlẹ̀ sí ní Genesisi 8:4, ẹ wò ó dáadáa, ó ní "àwọn òkè", kò ní òkè kan báyìí, ilẹ̀ kan ló ń jẹ́ Ararati, ilẹ̀ yẹn náà làwọn ọmọ Senakeribu sá lọ lẹ́yìn tí wọ́n pa bàbá wọn, àwọn Bíbélì kan kọ ọ́ ní Armenia. Òkè ńlá tí wọ́n ń pè ní Ararati lónìí ní Tọ́kì, tó ga tó 5,137 mítà, wà lágbègbè yẹn lóòótọ́, àmọ́ Bíbélì ò tọ́ka sí góńgó ẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí àwọn ọmọ Israẹli fi sá gun orí òkè tí wọ́n fi pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó lọ́ràá sílẹ̀. Ẹ ka Àwọn Onídàájọ́ 1:19. Juda gba ilẹ̀ òkè, kò lè lé àwọn tó wà ní àfonífojì lọ, torí wọ́n ní kẹ̀kẹ́ ogun onírin. Ọ̀rọ̀ kan náà làwọn ọmọ Josefu sọ fún Joṣua ní orí 17. Kẹ̀kẹ́ ogun dà bíi mọ́tò tó ń sáré lórí títì ọ̀dà, gbé e dé orí òkúta kó o wò ó bóyá á gbéra. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ló ni òkè, ẹlẹ́ṣin ló ni pẹ̀tẹ́lẹ̀. Àwọn ará Siria tiẹ̀ sọ ọ́ síta ní 1 Àwọn Ọba 20:23, wọ́n ní ọlọ́run òkè lọlọ́run Israẹli, kí àwọn lọ bá wọn jà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ "ẹsẹ̀" sí ẹ̀gbẹ́ egungun tẹ́ ẹ yà yẹn, kẹ́ ẹ kọ "kẹ̀kẹ́" sínú àlàfo Jesreeli. Ohun méjì yẹn máa ṣàlàyé ogun tó lé ní mẹ́rin fún yín.

Gíga, àti ọ̀rọ̀ "gòkè"

Ẹ fi pupa kọ gíga sí àwọn tó ṣe pàtàkì. Hebroni, ó lé ní 900. Jerusalẹmu, bíi 750. Jẹriko, tó wà lẹ́bàá Jọrdani, fi bíi 250 rẹlẹ̀ sí ojú òkun. Ẹ wá wo Jerusalẹmu sí Jẹriko, bíi kìlómítà 25 péré, àmọ́ èèyàn á ti sọ̀kalẹ̀ tó 1,000 mítà kó tó débẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ti dá ọkùnrin inú Luku 10 lọ́nà nìyẹn, kòtò, gegele àti ìhò àpáta ló kúnbẹ̀, ibi tí ọlọ́ṣà máa fẹ́ràn. Jesu ò kàn mú orúkọ ìlú méjì ṣeré. "Ó ń sọ̀kalẹ̀" yẹn, sísọ̀kalẹ̀ ni lóòótọ́. Àwọn tó ti lọ Jerusalẹmu rí á sọ fún yín bí etí ṣe máa ń dí nínú bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà yẹn.

Ohun kan wà tó máa ń da àwọn ọmọ kíláàsì rú níbí. Lórí pépà, Galili wà lókè, Jerusalẹmu wà nísàlẹ̀, ó ṣe wá jẹ́ pé Jesu kúrò ní Galili ó "gòkè" lọ sí Jerusalẹmu? Kì í ṣe òkè pépà ni wọ́n ń wí, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe máàpù. Ọ̀pọ̀ ibi tó o bá ti ń bọ̀ lágbègbè yẹn, ìgbẹ̀yìn ìrìn ẹ, wàá gùn kó o tó rí Jerusalẹmu. Sáàmù 120 títí dé 134 ní "Orin Ìgòkè" lórí wọn, ọ̀pọ̀ sì gbà pé àwọn tó ń lọ ṣọdún ló ń kọ ọ́ lójú ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá ka 121 pẹ̀lú èyí lọ́kàn, ẹni tó gbójú sókè wo àwọn òkè yẹn tó ń béèrè ibi tí ìrànlọ́wọ́ òun ti máa wá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orókún ló ń dùn ún.

Ẹ sì tún ṣe èyí: Òkè Olifi lé ní 800 mítà, ibi tí tẹ́ḿpìlì wà jẹ́ bíi 740. Àfonífojì Kidironi ló wà láàrin wọn. Torí náà nígbà tí Marku 13 ní Jesu jókòó lórí Òkè Olifi ní òdìkejì tẹ́ḿpìlì, ìsàlẹ̀ ló ń wò o, gbogbo àgbàlá ẹ̀ ṣí sílẹ̀ níwájú ẹ̀ bí abọ́ oúnjẹ. Òkè yẹn náà ni Dafidi gùn láì wọ bàtà, tó ń sunkún, nígbà tí Absalomu lé e kúrò nílùú.

Àwọn òkè tó yí Jesreeli ká

Ibí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀. Ẹ padà sí àlàfo yẹn, ẹ fi òkè mẹ́ta sí i: Karmeli lápá òsì, imú tẹ́ ẹ ti yà tẹ́lẹ̀, góńgó ẹ̀ jẹ́ 546 mítà, Tabori lókè lápá ọ̀tún, bíi 580, ó dá dúró bí èbà tí wọ́n dà sí àárín abọ́, Gilboa nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ó lé díẹ̀ ní 500. Odò Kiṣoni ń ṣàn gba àárín wọn lọ sí òkun, lábẹ́ Karmeli.

Ẹ wá ka Àwọn Onídàájọ́ 4. Debora ní kí Baraki kó 10,000 ọkùnrin gun Tabori. Sisera, ọ̀gágun àwọn ará Kenaani tí wọ́n fẹ́ bá jà, ní 900 kẹ̀kẹ́ ogun onírin. Tẹ́lẹ̀ mo máa ń rò pé Ọlọ́run kàn mú òkè kan ni. Àṣé òkè yẹn ga ṣánṣán, kò sí kẹ̀kẹ́ tó lè gùn ún, àwọn ọmọ ogun Baraki lè jókòó sórí ẹ̀ kí wọ́n máa wo Sisera títí tó fi máa kó kẹ̀kẹ́ ẹ̀ dé ẹ̀bá Kiṣoni. Orin tó wà ní orí 5 wá sọ èyí tó kù, ojú ọ̀run ń kán sílẹ̀, odò Kiṣoni gbá wọn lọ. Kẹ̀kẹ́ onírin nínú ẹrẹ̀! Ẹni tó bá ti há sínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ lójú ọ̀nà oko lóṣù Keje á mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Sisera, ìdí nìyẹn tó fi bọ́ sílẹ̀ tó ń fẹsẹ̀ sáré.

Gilboa ló yà mí lẹ́nu jù. Ní 1 Samuẹli 28, Filistini pa àgọ́ sí Ṣunemu, Saulu pa tiẹ̀ sí Gilboa. Saulu wá fẹ́ lọ bá obìnrin abókùúsọ̀rọ̀ ní Endori. Ẹ fi àmì kékeré mẹ́ta sí i: Gilboa nísàlẹ̀, Ṣunemu lókè ẹ̀, Endori tún lókè Ṣunemu, lẹ́bàá Tabori. Ṣé ẹ rí i? Àgọ́ ọ̀tá ló wà láàrin òun àti ibi tó ń lọ. Ọba Israẹli, tí gbogbo èèyàn mọ̀ pé ó ga ju ẹnikẹ́ni lọ láti èjìká sókè, pààrọ̀ aṣọ, ó mú èèyàn méjì, wọ́n rìn lóru yí àgọ́ Filistini po kó lè lọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òkú. Wọ́n ti kọ́ wa pé ó pààrọ̀ aṣọ kí obìnrin náà má bàa dá a mọ̀, òótọ́ ni, àmọ́ máàpù ní kì í ṣe obìnrin yẹn nìkan ló yẹ kó sá fún. Kò jẹun látàárọ̀ títí di òru. Ó sì tún máa rin ọ̀nà yẹn padà kílẹ̀ tó mọ́. Ó kú lórí Gilboa, Dafidi sì gégùn-ún fún òkè náà pé kí ìrì àti òjò má ṣe sẹ̀ sórí ẹ̀ mọ́.

Karmeli ẹ ti mọ̀ ọ́n, àmọ́ ẹ fi ìka tọ ipa ẹsẹ̀ Elija. Ìránṣẹ́ ẹ̀ lọ wo apá òkun lẹ́ẹ̀méje, ó sì rí òkun lóòótọ́ torí imú Karmeli wọ inú òkun ni, ìkùukùu tó bí àtẹ́lẹwọ́ èèyàn gòkè látinú omi. Kiṣoni tó wà nísàlẹ̀ ni wọ́n ti pa àwọn wòlíì Baali. Lẹ́yìn náà Elija fẹsẹ̀ sáré níwájú kẹ̀kẹ́ Ahabu dé ìlú Jesreeli, bíi kìlómítà 25 sí 30, nínú òjò. Ní orí 19 ó ti dé Beerṣeba nísàlẹ̀ pátápátá, ó fi ìránṣẹ́ ẹ̀ síbẹ̀, ó tún rin 40 ọ̀sán àti 40 òru lọ sí Horebu. Ìka yín á ti jáde kúrò lórí kàlẹ́ńdà. Ẹ wá sọ fún mi bóyá ó yẹ kó máa sùn sábẹ́ igi.

Gerisimu àti Ebali

Ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí àárín egungun ẹ̀yìn, ẹ ya òkè méjì tó kọjú síra wọn: Ebali lókè (940), Gerisimu nísàlẹ̀ (881). Ṣekemu wà ní àfonífojì àárín wọn, Nablus ni wọ́n ń pe ìlú ibẹ̀ lónìí. Deuteronomi 27 pín ẹ̀yà méjìlá sí méjì, mẹ́fà lọ sórí Gerisimu fún ìbùkún, mẹ́fà sórí Ebali fún ègún, Joṣua sì ṣe é bẹ́ẹ̀ ní orí 8. Àfonífojì yẹn há, òkè méjèèjì sì tẹ̀ wọnú díẹ̀, ohùn máa ń rìn níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí Jotamu ọmọ Gideoni fi lè dúró sórí Gerisimu kó pariwo àlọ́ àwọn igi tó ń wá ọba sí gbogbo ará Ṣekemu létí, kó sì tún ráyè sá lọ kí wọ́n tó gun òkè bá a.

Kànga Jakọbu wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Torí náà nígbà tí obìnrin ará Samaria sọ fún Jesu ní Johanu 4 pé àwọn baba wa sìn lórí òkè YÌÍ, ìka ló nà sí i, Gerisimu wà níwájú wọn. Àwọn ará Samaria ṣì wà títí dòní o, wọn ò pọ̀ mọ́, àmọ́ orí Gerisimu yẹn ni wọ́n ṣì ti ń pa àgùntàn Àjọ Ìrékọjá wọn lọ́dọọdún.

Àwọn tó kù, kíákíá

Hermoni lókè pátápátá, lápá ọ̀tún, 2,814 mítà, ìrì dídì ló máa ń bo orí ẹ̀, omi tó ń yọ́ látara ẹ̀ wà lára ohun tó ń bọ́ Jọrdani. Lebanoni wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lápá òsì, ibẹ̀ ni igi kédárì Solomoni ti wá, góńgó ẹ̀ ju 3,000 mítà lọ. Baṣani wà nísàlẹ̀ Hermoni lódìkejì Jọrdani, màlúù ibẹ̀ sanra. Nebo wà lódìkejì Jẹriko, bíi 800, ibẹ̀ ni Mose ẹni 120 ọdún ti wo ilẹ̀ náà tó sì kú síbẹ̀, ó sì lè rí nǹkan lóòótọ́ torí kòtò Òkun Iyọ̀ ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, nǹkan kan ò dí i lójú. Sinai ò ní gba inú kàlẹ́ńdà yín, ẹ fa ọfà sísàlẹ̀ kẹ́ ẹ kọ orúkọ ẹ̀. Ararati náà, ọfà sókè.

Orúkọ tó ń tanni jẹ

Lẹ́yìn Nabali mo di ẹni tó ń fura. Ẹ kọ àwọn wọ̀nyí sí igun pépà: Karmeli méjì wà, mo ti sọ ọ́. Hori méjì wà, èyí tí Aaroni kú sí lẹ́bàá Edomu, àti òmíràn lápá àríwá ní Numeri 34:7. Horebu àti Sinai, ibì kan náà ni Bíbélì ń fi méjèèjì pè. Hermoni ní orúkọ púpọ̀, Deuteronomi 3:9 ní àwọn ará Sidoni ń pè é ní Sirioni, àwọn Amori ń pè é ní Seniri. Moria, Genesisi 22 pè é ní ilẹ̀, 2 Kíróníkà 3:1 sì ní orí òkè Moria ni Solomoni kọ́ tẹ́ḿpìlì sí. Sioni ló wá burú jù torí ó ń rìn: odi tí Dafidi gbà lọ́wọ́ àwọn Jebusi ni lákọ̀ọ́kọ́, nígbà tó yá wọ́n ń fi pe òkè tẹ́ḿpìlì, àwọn wòlíì ń fi pe gbogbo Jerusalẹmu, lónìí sì rèé òkè mìíràn lápá ìwọ̀-oòrùn ìlú náà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ mọ èwo ni wọ́n ń wí, ẹ wo ìlú tí wọ́n tò mọ́ ọn nínú ẹsẹ yẹn tàbí èyí tó ṣáájú ẹ̀. Nǹkan tó yẹ kí n ti ṣe nìyẹn.

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ fi pẹ́ńsù yà á

Torí pé Bíbélì ò dárúkọ àwọn kan, àwa la dárúkọ wọn. Òkè tí Jesu ti wàásù ní Matteu 5, kò lórúkọ. Èyí tí èṣù mú un lọ, kò lórúkọ. Èyí tí ara Jesu ti yí padà níwájú Peteru, Jakọbu àti Johanu, Matteu kàn ní òkè gíga ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń sọ pé Tabori ni, ṣọ́ọ̀ṣì wà lórí ẹ̀ títí dòní, àwọn mìíràn ní Hermoni ni, torí ìtàn tó ṣáájú ẹ̀ wáyé lágbègbè Kesaria Filipi, ẹsẹ̀ Hermoni gan-an, ọjọ́ mẹ́fà péré ló sì wà láàrin. Tẹ́ ẹ bá bi mí, Hermoni ni mo fara mọ́, àmọ́ pẹ́ńsù ni mo fi kọ ọ́, mo sì fi àmì ìbéèrè sí i.

Sinai pàápàá. Òkè tí wọ́n ń gùn lónìí ní Íjíbítì, Jebel Musa, 2,285 mítà, ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́-ìsìn ti Katirini Mímọ́ tí wọ́n kọ́ láyé ọba Justinian ní nǹkan bíi 1,500 ọdún sẹ́yìn wà nísàlẹ̀ ẹ̀, òru làwọn èèyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún kí wọ́n lè bá oòrùn pàdé lórí ẹ̀. Àwọn kan ní kì í ṣe ibẹ̀, wọ́n ní Saudi Arabia ló wà, wọ́n á sì fi Galatia 4:25 tì í lẹ́yìn. Ẹ má torí ẹ̀ bá ẹnikẹ́ni jà nínú kíláàsì.

Gọlgọta ńkọ́? Ẹ lọ tú ìwé ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, kò sí èyí tó pè é ní òkè. Ibi Agbárí ni wọ́n pè é. Orin wa ló gbé e gun orí òkè. Ọjọ́ tí mo sọ èyí ní kíláàsì ariwo sọ, màmá kan ní kí n fi orí àti ẹsẹ hàn òun, mo ní òun ló yẹ kó fi hàn mí.

Tó bá jẹ́ àwọn ọmọdé lẹ fẹ́ kọ́, ẹ má lo pépà, ẹ da iyanrìn tútù sínú tíréè ńlá, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ mọ ọ́n, kí wọ́n fi ìka gbẹ́ kòtò Jọrdani kẹ́ ẹ wá bu omi díẹ̀ sí Hermoni, omi náà á wá ọ̀nà lọ sí Galili fúnra ẹ̀. Mo gbé gààrí funfun wá lọ́jọ́ kan pé kí wọ́n fi ṣe ìrì dídì orí Hermoni, kí n tó yíjú padà wọ́n ti jẹ ẹ́ ku díẹ̀.

Bàbá tó béèrè ọ̀rọ̀ Nabali yẹn ṣì ń wá. Lóṣù tó kọjá ó tún nawọ́ sókè. Ó ní, "Tíṣà, Amosi 1:2 ní orí Karmeli á rọ. Ṣebí ará Tekoa ni Amosi, ilẹ̀ Juda níbẹ̀, ìtòsí Karmeli ti Nabali. Èwo ló ń wí?" Lọ́tẹ̀ yìí mo ti gbé kàlẹ́ńdà mi dání. Mo ní kó ṣí orí 9, ẹsẹ 3, kó kà á sókè. Ó kà á: bí wọ́n bá fara pamọ́ sórí Karmeli, bí wọ́n bá sì pa ara wọn mọ́ sí ìsàlẹ̀ òkun. Ó wo Karmeli méjèèjì lórí pépà, ó fi ìka wọn ọ̀nà láti ti Nabali dé etí omi, ó mi orí, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ti Elija ni."